Bí Mo Ṣe Wọn Agbára Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́

Ọjọ́ kan wà tí kò jọ pé yóò kúrò lọ́kàn mi láéláé, bí mo tilẹ̀ dàgbà títí tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi fèrè kan, aago ọwọ́ kan àti ìwé gbọọrọ kan lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí n lọ wo ẹni tó lágbára àti ẹni tí kò lágbára. Èmi! Èmi tí ìyá mi kì í rán lọ sí odò Ajílosùn nígbà tí àlejò bá wà nílé, nítorí pé ìdajì omi ni mo máa ń gbé dé. Mo gba fèrè náà, mo sì fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ́fíìsì láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́.

Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Àwọn tó mọ̀wé kò tíì pọ̀ ní Adó, nítorí náà ẹni tó bá ti ní ìwé ẹ̀rí Sítáńdáàdì Síìsì lọ́wọ́ a máa rò pé òun ló ni ayé. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo rí iṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan tó ń bójú tó títún ọ̀nà ṣe, mo ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì àti táì pupa kan, mo sì ń fi pẹ́ńsùlù há etí bí mo bá ń lọ sọ́jà, kí ará àdúgbò lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú: oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán mi wò. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí ọ̀gá bá ní mo dára, mo di akọ̀wé títí lọ. Bí ó bá ní n ò dára, ó di ẹ̀yìn ààrò ìyá mi.

Ọ̀gá tí mo ń wí ni Ọ̀gbẹ́ni Ọláńrewájú, akọ̀wé àgbà. Ọkùnrin tín-ínrín ni, ó fẹ́ràn ìwé ju ènìyàn lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, tí o bá sáré wọlé pẹ̀lú fáìlì, fáìlì ni yóò kọ́kọ́ nù. Òyìnbó kan ló wà lórí òun náà, Àkúrẹ́ ló ń gbé, ó sì máa ń wá fi mọ́tò rẹ̀ wo ọ̀nà wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kíákíá ni àwọn ènìyàn ń pè é, torí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó gbọ́ nìyẹn.

Lébìrà mọ́kànlá ló ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Ìyìn. Èmi ni mo ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé lóṣooṣù, ṣùgbọ́n n kò dé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ rí. Eruku pọ̀ níbẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì mi sì funfun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Ọláńrewájú pè mí, ó na ìwé kan sí mi bí ẹni ń na ọmọ tuntun síni. Láti Àkúrẹ́ ni ìwé náà ti wá. Ó ní kí a dán gbogbo lébìrà wò, bóyá ara wọn gbé iṣẹ́. Kí olúkúlùkù gbé páànù irin tí wọ́n fi ń ru òkúta wẹ́wẹ́, kí ó kún dẹ́nu. Kí ó dá a gbé láti ilẹ̀ sórí ara rẹ̀. Kí ó rù ú dé ibi àmì, kí ó rù ú padà, nígbà mẹ́wàá, láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí a yọ ọ́ níṣẹ́.

“Ṣé o rí i,” ni ọ̀gá wí, “‘láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.’ Wọ́n fa ìlà sí i nídìí. Bí o bá ṣe èyí dáadáa, èmi náà yóò mọ ohun tí n óò kọ nípa tìrẹ.”

Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ mí lórí. N kò bèèrè ohun tí àwọn lébìrà ń ṣe gan-an lójú ọ̀nà. N kò bèèrè ohunkóhun. Mo lọ́ aago mi, mo lọ táì mi, mo sì ní kí gbogbo wọn dúró dè mí lẹ́bàá òkìtì òkúta ní Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ yẹn ni ọjọ́ ọjà Ìyìn. Ọmọ Adó ni mí, ó yẹ kí n mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wo aago ọwọ́ kì í rántí ọjọ́ ọjà mọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pè ni Sùúrù, ọ̀dọ́mọkùnrin gìrìpá kan tí ọrùn rẹ̀ nípọn ju itan mi lọ. Mo fọn fèrè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí páànù mú. Kí ó tó nà ró, obìnrin kan tó ń bọ̀ láti Ìyìn, tó ru agbọ̀n iṣu, ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ó rọra fi eékún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀ lórí, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo ti ìdí páànù, ó sì bá Sùúrù gbé e rù. Kò tilẹ̀ wò wá lójú. Bí a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn. Ẹni tó bá rí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù, yóò bá a gbé e, á sì máa lọ.

Mo fọn fèrè láti fagi lé e. Etí rẹ̀ gan-an ni mo fọn ọ́n sí. Obìnrin náà ta gìrì, agbọ̀n ṣí lórí rẹ̀, iṣu sì yí káàkiri ojú ọ̀nà títí wọ inú kòtò. Kí ni mo lè ṣe? Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo wọ kòtò, mo ń ṣa iṣu. Nígbà tí a ṣa á tán, ta ni yóò gbé agbọ̀n rù ú? Èmi náà ni. Mo gbé e rù ú láì ronú.

“O ṣé, ọmọ dáadáa,” ni obìnrin náà wí. “Ṣùgbọ́n kò sí uṣẹ́ mìíràn tí o lè rí ṣe ju kí o máa fọn nǹkan sí ènìyàn létí?”

A tún un ṣe. Sùúrù bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá kan tó gun kẹ̀kẹ́ dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sínú eruku, ó sáré wá, ó bá a gbé e rù. Mo ní kó di ẹ̀ẹ̀kẹta. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó ru igi ìdáná dúró, wọ́n bá a gbé e. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, olùkọ́ ìjọ kan tó ń kọjá lọ, tó wọ aṣọ funfun, ni ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bá a gbé e, ó sì fi ìwàásù kúkúrú kan lé e fún mi lórí ìwà àìláàánú àwọn ọ̀dọ́ ayé ìsinsìnyí. Oòrùn ti là. Nínú ènìyàn mọ́kànlá, n kò tíì wọn ẹyọ kan.

Ìbínú gbé mi. Mo dúró sáàárín ọ̀nà, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ní, “Kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́ mọ́! Àṣẹ ìjọba ni!”

Àwọn ìyá ọlọ́jà tó ń kọjá bá dúró. Wọ́n sọ ẹrù wọn kalẹ̀ kí wọ́n lè rí mi dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, yí mi po lẹ́ẹ̀kan bí ẹni fẹ́ ra ewúrẹ́.

“Ọmọ ùlú ibo lo jẹ́?” ni ó bi mí.

“Adó ni, mà.”

“Irọ́ ni. Ọmọ Adó kì í dúró kó máa wo ẹni tó ń gbé ẹrù, kó tún máa ka aago lé e lórí. Ta ni ùyá rẹ?”

Mo mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń wá, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago mi. Ṣùgbọ́n Sùúrù, Ọlọ́run má ṣàì bi í, sọ fún un. Kí n tó délé nírọ̀lẹ́, ìyá mi ti gbọ́ pé ọmọ òun ń fi fèrè lu àwọn ọlọ́mọ lójú ọ̀nà Ìyìn. Ó kàn gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó jìnnà díẹ̀ sí mi, ó ní kí n dá a gbé.

Ní ọjọ́ kejì mo gbọ́n. Mo ní kí wọ́n kó òkúta àti páànù wá sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì ní Adó, níbi tí ògiri yí ká, mo sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ àánú gbogbo aráyé síta. Ibẹ̀ ni àwọn gìrìpá ti fojú rí màbo. Wọn a gbé páànù lé orí eékún, wọn a fi àyà gbà á, wọn a fi àgbọ̀n tì í, kí ó tó dé orí. Ọ̀kan gé ara rẹ̀ létè. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́wàá náà ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo sì ń fi pẹ́ńsùlù mi kọ “Ó yege, ó yege,” ọkàn mi balẹ̀.

Ó ku ẹnìkan. Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ ni.

Orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó dìde níbi tí ó jókòó sí lábẹ́ ògiri, mo rí i pé ó ju bàbá mi lọ dáadáa. Bí ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹsẹ̀ mi yẹ̀ fúnra rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, táì pupa mi sì gbá ilẹ̀. Bàbá náà wúre fún mi, ó ní n óò pẹ́ láyé, n óò sì jẹ oyè. Mo dìde, mo gbọn eruku nù, mo sì nawọ́ sí páànù.

“Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e.”

“Ta ni yóò gbé e rù mí?”

“Kò sẹ́ni kankan, sà. Ẹ̀yin nìkan ni.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣeré. “Akọ̀wé, èmi kì í ru òkúta. Èmi ni mò ń gbé e rù wọ́n. Uṣẹ́ mi nìyẹn. Mo máa ń dúró ti òkìtì láti àárọ̀. Bí ẹni kan bá ti da tirẹ̀ tó padà dé, mo gbé e rù ú, ó lọ. Òmíràn a dé, mo gbé e rù ú, ó lọ. Ọdún mẹ́sàn-án rèé.”

“Òótọ́ ni, Akọ̀wé,” ni Sùúrù wí. “Bàbá ló ń gbé e rù gbogbo wa.”

“Kò sí àyè fún ìyẹn nínú ìwé,” ni mo dáhùn. Mo tilẹ̀ fi ibẹ̀ hàn wọ́n, bí ẹni pé wọ́n lè kà á.

“Ìwé náà ti dé ojú ọ̀nà wa rí?” ni Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ bèèrè. Nígbà tí ó rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ọmọ mi, gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà yìí, àárín oko kòkó mi ló gbà. Wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kí ọ̀nà lè gún. Uṣẹ́ yìí ni wọ́n fún mi kí n fi pa á rẹ́. Bí ẹ bá gba uṣẹ́ yìí, kò sóko, kò súṣẹ́. Kí ni mo fẹ́ máa jẹ?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. N kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo tún rántí oṣù mẹ́ta mi, mo rántí ìlà tí wọ́n fà sí abẹ́ “láìsí ìrànlọ́wọ́,” mo sì sọ fún ara mi pé ó ṣeé ṣe kí bàbá yìí gbé e.

Ó bẹ̀rẹ̀. Eékún rẹ̀ kan dún. Ó di etí páànù mú, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Ẹ ò ní gbàgbọ́: ọwọ́ mi méjèèjì ti nà jáde láti ràn án lọ́wọ́. N kò rán wọn níṣẹ́. Ọwọ́ tí ìyá mi kọ́ ni. Mo fà wọ́n padà, mo sì kì wọ́n bọ àpò ṣòkòtò mi, mo di inú àpò mú gírígírí kí wọ́n má baà tún jáde. Bí mo ṣe dúró nìyẹn, tí mo ń wo bàbá àgbà tó ń gbé ẹrù. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yà mí ní fọ́tò láti fi dójú tì mí, àsìkò yẹn ni.

Páànù dé itan rẹ̀. Ó dé ikùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti há. Ó gbọ̀n rìrì, ó sì bọ́, gbogbo òkúta inú rẹ̀ sì dà sórí bàtà mi tuntun. Mo pariwo ju bí ó ti dùn mí lọ. Bàbá náà ló tún bẹ̀rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ gbá òkúta kúrò lórí ẹsẹ̀ mi, tó ń ní kí n pẹ̀lẹ́.

“Kí lo kọ?” ni ó bi mí nígbà tí ó rí i tí mo ń kọ̀wé.

N kò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo ní, “A óò fi ìwé ránṣẹ́ sí yín, sà.”

Mo fi ìwé ránṣẹ́ lóòótọ́. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì tó dán mọ́nrán, Ọ̀gbẹ́ni Ọláńrewájú sì fọwọ́ sí i. Inú rẹ̀ dùn, ó ní iṣẹ́ náà mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó jókòó dáadáa, Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ wọlé, ó ṣí fìlà, ó mú ìwé náà jáde láti inú rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi.

“Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ ládùúgbò wa. Bá mi kà á, ọmọ mi.”

Mo kà á fún un. Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ, mo tún fẹnu ara mi túmọ̀ rẹ̀: pé agbára rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́, pé kí ó má wá mọ́. Mo kà á kíákíá, bí ẹni ń gbé oògùn kíkorò mì. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dé òpin, ó ká ìwé náà, ó dá a padà sínú fìlà.

“O ṣé,” ni ó wí. “O mọ̀ ọ́n kà.”

Bí ó bá bú mi, bóyá ǹ bá rí oúnjẹ jẹ lọ́jọ́ náà.

Oúnjẹ ọ̀sán gan-an kò tíì délẹ̀ tí Sùúrù fi sáré wọlé, òógùn bò ó. “Akọ̀wé, uṣẹ́ ti dúró o!”

Mo ní báwo ni iṣẹ́ ṣe lè dúró nígbà tí àwọn mẹ́wàá tó yege wà níbẹ̀. Ó ní gbogbo wọn ló dúró yí òkìtì ká. Bí méjì bá gbé e rù ẹnìkan, àwọn méjì náà á tún máa dúró de ẹni tí yóò gbé e rù àwọn. Ẹni tó bá ti lọ dà á, yóò sáré padà wá gbé fún ẹni tó gbé fún un. Gbogbo àárọ̀, wọn ò tíì kó ohun tí wọ́n ń kó kí agogo mẹ́jọ tó lù tẹ́lẹ̀. Mo ní ṣebí wọ́n dá a gbé níwájú mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá?

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni, Akọ̀wé. Uṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lé ní ọgọ́rùn-ún. Ta ni yóò fi àyà gbé ọgọ́rùn-ún?”

Ọ̀gbẹ́ni Ọláńrewájú ti gbọ́. Òyìnbó Kíákíá sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì láti wá wo bí òkúta ṣe dé ojú ọ̀nà kí òjò tó dé. Ọ̀gá wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Ìwọ lo lọ wọn agbára,” ni ó wí. “Lọ fi tìrẹ dí i.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó dúró ti òkìtì. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé páànù ru àwọn ọmọkùnrin yẹn. Ogún àkọ́kọ́, mo ń kọrin. Nígbà tó di ogójì, orin tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbé kan ru Sùúrù tí n kò mọ̀ pé táì mi ti há sábẹ́ páànù. Sùúrù ti yí, ó ń lọ, èmi náà sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ọrùn mi nà bí ti ògòǹgò, n kò lè sọ̀rọ̀. Títí dé ibi tí ó ti da òkúta ni a jọ lọ. Àwọn tó ń kọjá lọ ń kí wa pé a kú iṣẹ́.

Mo bọ́ táì náà jù sínú igbó. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí mo tún bẹ̀rẹ̀, tí ohun kan sì ṣẹ́ tẹ́ẹ́ ní ìbàdí mi, tí n kò sì lè nà mọ́. Mo gbìyànjú, ó kọ̀. Ojú mi kò lè kúrò nílẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni mọ́tò Òyìnbó dúró. Mo gbọ́ tí ìlẹ̀kùn ṣí, mo rí bàtà aláwọ̀ igi méjì tó rìn wá sí iwájú mi. Ó bèèrè ohun tó mú iṣẹ́ falẹ̀. Bàtà náà ni mo dá lóhùn. Ó ní bí òkúta náà kò bá tán nílẹ̀ kí ó tó di Ọjọ́ Ẹtì, kí ọ̀gá àti akọ̀wé rẹ̀ méjèèjì máa wá ibòmíràn lọ. Ó fi “Kíákíá!” parí rẹ̀, ó sì lọ.

Kò sí ọ̀nà mìíràn. Mo kọrí sí ilé Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ ní Ìyìn, bí mo ti ká kò náà. Ẹ wo ohun tí ojú mi rí lọ́nà: gbogbo àgbà tí mo bá pàdé rò pé mo ń tẹríba fún àwọn ni. “Ọlọ́run á gbé ọ ga, ọmọ mi.” “Ọlọ́run á gbé orí rẹ sókè.” Mo ń ṣe àmín, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Nígbà tí mo wọ àgbàlá Bàbá, ìyàwó rẹ̀ pariwo ayọ̀. “Ẹ wo ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́! Ó tó, ó tó, dìde.”

“Mi ò lè dìde, mà.”

“A ti gbà ọ́. Dìde nílẹ̀.”

“Ẹ̀yìn mi ni, mà.”

Bàbá Jẹ́gẹ́dẹ́ jáde síta. Ó wo bí mo ti rí, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ta ni ìbá mọ̀ jù ú lọ? Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dojúbolẹ̀ lórí ẹní, ó fi òrí àti àdín fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn mi, èmi sì fi ojú mi bolẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní mo rí i pé kò lè dá a gbé, n kò wo ohun tó ń ṣe. Mo ní nítorí iṣẹ́ tèmi ni. Mo ní kí ó dárí jì mí, kí ó padà wá.

“O máa ń fi ẹ̀yìn gbé e,” ni ó wí. “Itan ni wọ́n fi ń gbé e. Èmi ìbá ti sọ fún ọ, ká ní o bi mí.”

Ó gbà láti padà. Ọ́fíìsì ni kò gbà. Ọ̀gbẹ́ni Ọláńrewájú ní ìwé ti lọ sí Àkúrẹ́ pé Jẹ́gẹ́dẹ́ kò yege, òun kò sì lè fi ìwé sọ pé ìwé òun ṣìnà. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ẹtì ń bọ̀, ẹ̀rù sì ń ba òun náà. Ó ronú, ó fi ìka lu tábìlì, ó ní, “A kò lè dá ògbólógbòó padà, ṣùgbọ́n a lè gba ẹni tuntun.” Ó bi Bàbá pé kí ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá ní Ògúnlàdé ni. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ògúnlàdé, òṣìṣẹ́ tuntun. Ìwé tún ní ẹni tuntun kò gbọdọ̀ ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ọ̀gá wo irun funfun orí Bàbá, ó wo òkè àjà, ó sì ní, “Kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.” Mo kọ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nípa ti àyẹ̀wò, mo ní kí ó gbé páànù ru àwọn mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi fúnra mi sì kọ “Ó yege” pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá. Òkúta sì tán nílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

“Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ṣe ńkọ́?” ni Bàbá bèèrè.

Ọ̀gá ní Jẹ́gẹ́dẹ́ ló ṣe ìyẹn. Ògúnlàdé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

“Ẹ gba oko,” ni Bàbá wí, “ẹ tún gba ọdún mẹ́sàn-án.” Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Èmi ńkọ́? Wọ́n sọ mí di akọ̀wé títí lọ. Ohun tí ọ̀gá kọ nípa mi ni pé mo mọ agbára ènìyàn wò.

Láti ọjọ́ náà, mo kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí n kò rí nínú Sítáńdáàdì kankan: kí n tó sọ pé ẹnìkan kò lè ṣe iṣẹ́, kí n kọ́kọ́ lọ dúró níbi tó ti ń ṣe é, kí n rí ohun tó ń ṣe, kí n sì bi í léèrè. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ akọ̀wé tó wá lẹ́yìn mi. Wọ́n máa ń mi orí, wọn a sì tún padà sídìí ìwé wọn.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, Bàbá wá bá mi ní ọ́fíìsì. Eékún rẹ̀ ti le, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun fẹ́ fẹ̀yìn tì kí wọ́n fún òun ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń fún àwọn àgbà òṣìṣẹ́. Mo ṣí ìwé. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀, ó hàn gbangba: Ògúnlàdé, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, èyí tó ti di mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí. Mo sọ fún un pé ìwé ní kò tíì tó àsìkò, ó ṣì kéré.

Ó wò mí, ẹnu rẹ̀ tí eyín ti yọ kúrò nínú rẹ̀ là sílẹ̀.

“Akọ̀wé,” ni ó wí, “ìgbà wo wá ni n óò dàgbà?”

Mo rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ dákẹ́.